Èéhù tó gba ògiri ìyá onílé

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, ilé ìyá kan ní Bódìjà la háyà. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá onílé ń lọ, wọn kì í sì í fẹ́ rí pupa rárá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ òdòdó tí yóò gun ògiri, funfun ni wọ́n rà lọ́wọ́ bàbá olódòdó kan ní Ring Road. Bàbá náà ló wá gbìn ín. Ó ní ẹ̀ka òdòdó funfun lòun so mọ́ kùkùté òdòdó mìíràn tó lágbára, tí méjèèjì sì ti jinná di ọ̀kan.

Èmi ni mò ń bomi rin ín. Kò pẹ́, èéhù kan yọ nísàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n so pọ̀. Ó ń ga bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo fi okùn so ó mọ́ ògiri, mo sì gé ẹ̀ka tó ń ṣòjòjò lókè kù, kó má baà dí i lọ́wọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìjọ fẹ́ wá ṣe ìsìn nínú ọgbà wa ni òdòdó là. Ó pupa fòò!

"Ta ló rán èyí sí mi?" Ìyá onílé tẹjú mọ́ ilé aládùúgbò. A sáré fi aṣọ ìbùsùn funfun bo ògiri.

Wòlíì dé. "Màámi, ẹ ò tíì kó aṣọ tí ẹ sá ni?"

"Ó ṣì tutù díẹ̀ ni, sà."

A ń kọ orin kejì lọ́wọ́ ni atẹ́gùn fẹ́. Ẹ̀gún ya aṣọ náà, pupa yọjú sí gbogbo ìjọ. Wòlíì ní ká dijú. Mo lajú díẹ̀ wò, mo rí i pé òun gan-an ò dijú.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá olódòdó bẹ̀ ẹ́ wò. "Kùkùté ló hù yìí, kì í ṣe funfun tí mo so mọ́ ọn. Ta ló ń tọ́jú ẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá onílé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni aládùúgbò náà."

Ẹ̀rín pa wọ́n débi tí wọ́n fọwọ́ ti ògiri, ni ẹ̀gún bá gún wọn.

Mo gbé àdá. "Ẹ má gé e!" ni bàbá pariwo. "Bí ẹ bá gé e, á tún hù. Ìdí ni wọ́n ti ń já a." Ó wa ilẹ̀ díẹ̀, ó sì fà á já.

Ó pẹ́ kí funfun tó tún rúwé. Èéhù kò sì dẹ́kun. Ìyá onílé ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn mọ́, àràárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n ń bá a jà: "O tún dé?"