Pósí Tí Wọ́n Gbé Wá fún Káfíńtà

Ọkọ mi kì í bẹ̀rù ènìyàn. Pákó tí kò gbẹ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ gbé pákó tútù wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rán jàǹdùkú sí i, àga ni yóò gbé fún wọn kí wọ́n jókòó. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ẹ-jẹ́-ká-wọ̀n-ọ́n, nítorí kò sí ohun tí ẹ sọ fún un tí kò ní yọ téèpù. Lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, ilẹ̀kùn ilé wa ló kọ́kọ́ wọ̀n, ó ní ó ti wọ́. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Èmi ni mo wá ń bá a gbé.

Ẹ̀yìn ilé wa ni ilẹ̀ gbogbo àdúgbò wà. Àwọn tó ṣáájú wa ló fi í sílẹ̀ fún gbogbo wa, wọn ò pín in fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń gbin ẹ̀fọ́, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ lèmi alágbàfọ̀ sì ń sá aṣọ oníbàárà sí. Àfi bí ilé-iṣẹ́ kan ṣe dé lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní àwọn ti rà á. Wọ́n pe ìpàdé. Ọ̀gá wọn kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn sọ̀rọ̀ títí, ó ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀, gbogbo wa la máa jẹ̀gbádùn rẹ̀. Ọkọ mi nìkan ló nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló tà á?"

Ọkùnrin náà mu omi. Ó tún mu omi. Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, wọ́n ti fi ọkọ mi jẹ alága ìgbìmọ̀ tó máa dáàbò bo ilẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù. Ẹni tó kọ́kọ́ pè, ẹ̀rọ ìlapákó ló bá a nídìí rẹ̀.

"A máa pa ẹ́," ni ẹni náà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀, ẹ̀rọ ń pariwo."

Ẹni náà pariwo ẹ̀ títí ohùn fi há a. Ọkọ mi ní ó dáa, òun ti gbọ́, kó pe òun padà tí òun bá parí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan wà ní ìlú kejì sí wa tí òun náà di ilẹ̀ wọn mú. Bàtà rẹ̀ kan ni wọ́n rí lójú ọ̀nà. A ò tíì rí ẹni tó wọ̀ ọ́ títí dòní. Mo bẹ ọkọ mi láàárọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ lálẹ́, pé ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kó fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún wọn. Á ní òun ti gbọ́. Ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ náà máa ń ní òun ti gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé korobá, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ kọ pósí. Wọ́n gbé e dábùú ẹnu ọ̀nà wa. Mo ju korobá nù, mo bú sẹ́kún, àwọn aládùúgbò sáré jáde. Ọkọ mi náà jáde, ó wo pósí, ó kúnlẹ̀ tì í. Mo rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà.

"Ẹ wo igun yìí," ló wí. "Ìṣó ni wọ́n kàn rọ́ mọ́ ọn. Pákó yìí náà ò gbẹ."

Inú bí i gidi. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ pa òun, ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n fi irú nǹkan báyìí sin káfíńtà? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nínú ẹkún yẹn, mo rí i pé lóòótọ́ ni, igun pósí náà ti là.

Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Àbúrò rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ni, tó ń kan pósí ní ìkóríta. Ó gbé pósí sórí ọmọlanke, ó ní òun ń dá a padà fún un. Mo tẹ̀ lé e, nítorí n kò lè jẹ́ kó dá lọ. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń ṣí fìlà.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ta ló kú?"

"Èmi ni," ọkọ mi á dáhùn. "Ẹ ṣeun, a dúpẹ́."

Ojú tì mí débi pé mo fi gèlè bojú, àwọn ènìyàn sì rò pé ìbànújẹ́ ni, wọ́n bá ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn.

Nígbà tí kanpósíkanpósí rí wa, ó fẹ́ gba ẹ̀yìn sá lọ.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "N ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Gígùn ni wọ́n fún mi, wọn ò fún mi lórúkọ."

"Wọn ò fún ẹ ní pákó gbígbẹ náà?"

"Wọ́n ní kí n yára ni. Méjì ni wọ́n ní kí n kàn." Ó na ọwọ́ sí ara ògiri. "Wọ́n á wá gbé ìkejì lálẹ́ òní. Ti obìnrin ni."

Ìkejì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ mi wò ó, ó wò mí. Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí lẹ́búlẹ́bú pákó.

"Ìyá Ọmọ," ló wí, "jẹ́ ká fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún wọn."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ nìyẹn. Ó sọ ọ́ tán, n kò sì fẹ́ ẹ mọ́. Ẹnì kan ti dúró níbì kan, bóyá níbi tí mo ti ń nawọ́ sá aṣọ, ó sì fi ojú wọn bí mo ṣe gùn tó. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ìbínú mi pọ̀ ju ẹ̀rù lọ.

"Ẹ dìde, Bàbá Ọmọ," mo wí. "Ẹ bá mi gbé tèmi náà sórí ọmọlanke."

"Ibo la ń gbé e lọ?"

"Ibi tí wọ́n á ti wá gbé e lójú gbogbo ayé."

A gbé méjèèjì dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ náà, àwọn tó ti ń bá wa kẹ́dùn láti òwúrọ̀ sì jókòó yí wa ká. Nígbà tó di ọ̀sán, katakata ilé-iṣẹ́ náà dé. Awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó yọjú.

"Ta ló wà nínú ẹ̀, mà?"

"Kò tíì sẹ́nì kankan," mo wí. "Àwa méjèèjì yìí ni àwọn ọ̀gá yín fẹ́ kó síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣetán, ẹ sọ fún wa ká wọlé."

Ó ní iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n sọ fún òun, wọn ò sọ ti ènìyàn. Ó yí katakata padà, ó lọ.

Mo mọ̀ pé wọ́n á wá awakọ̀ mìíràn. N kò sùn dáadáa mọ́, n kò ní parọ́. Ọkọ mi ló wá ń bẹ̀ mí báyìí, láàárọ̀ àti lálẹ́, pé kí n má dá jáde, pé kí n fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Mo ní mo ti gbọ́, mo sì ní kó sún síwájú díẹ̀ kí n ráyè jókòó, nítorí ìpàdé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.