Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Ní Kí N Jó Pa

Bó bá wù yín, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Ìlá, àwa tá à ń fi iná jó irin pọ̀. Ilé kan wà lójú ọ̀nà Ọ̀tan Ayégbajú tí wọ́n kọ "A Ń Ra Kòkó" sára ògiri rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí ẹni tó ta kòkó níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ náà, bàbá tó ń ṣọ́ ilé ọ̀hún wá pè mí. Ó ní ilẹ̀kùn irin kan wà tí òun fẹ́ kí n jó pa, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i mọ́.

Mo wọlé, mi ò gbóòórùn kòkó. Epo ìbọn ló ń rùn. Àwọn ọkùnrin tó ń gbébẹ̀, tí mo ti ń rò pé alágbàáṣe ni wọ́n, bàtà sójà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Háà! Àgọ́ sójà, láàárín ìgboro níbí?

Bàbá lọ tan jẹnẹrétọ̀. Mo yọjú sínú yàrá tí ilẹ̀kùn irin náà wà, torí a kì í jó ilẹ̀kùn pa láìwo inú. Ọmọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọ kákí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó rọra sọ ọ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

Mo ju píọ̀ wọ́tà kan sí i. Ó hán an. Mo ṣẹ́jú báyìí, kò sẹ́nì kankan mọ́. Ọ̀rá omi náà wà nílẹ̀, wọn ò já a, àmọ́ inú rẹ̀ ti gbẹ táútáú.

Mo sáré bá bàbá. "Bàbá, ẹnì kan wà níbẹ̀ o!"

Kò bi mí pé ta ni. Ó kàn sọ sí mi létí pé, "Ṣé ó tún tọrọ omi?"

Mo ní mi ò ṣe mọ́. Àwọn tó wọ bàtà sójà ti dí ẹnu ọ̀nà.

"Jó o," ọ̀kan nínú wọn wí.

Mo jó o. Kí Ọlọ́run foríjì mí. Bí iná ṣe ń ta pàràpàrà, ẹnì kan ń rọra kan ilẹ̀kùn láti inú. Bàbá kọjú sógiri, ó ń sunkún. Ó wá ku ihò kékeré kan, ohùn ọmọkùnrin yẹn sì gba ibẹ̀ jáde:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì wà níbí o."

Mo dí ihò náà.

Di òní olónìí, mi ò mọ ohun tí mo tì mọ́bẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ dí yàrá kan pa, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wojú ara wọn, ẹ kó irinṣẹ́ yín, kí ẹ tètè kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn ìta.