Kò Sí Yàtọ̀ sí Kò Yé Mi

Ìyá Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, ẹni ọdún méjìdínlógójì, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kan, gba ìwé ìpè sí ìjókòó ìbáwí lánàá. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó tú àṣírí ilé iṣẹ́ fún oníbàárà. Kò jiyàn. Ó ní àṣírí tó ń pa ènìyàn kì í ṣe àṣírí mọ́, ìkà ni.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá ní kó bá ọ ra búrẹ́dì, yóò bi ọ́ bóyá odindi ni àbí èyí tí wọ́n gé, àti ohun tí kó rà bí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn a máa bi kọ̀ǹpútà ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì; ètò tó jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn ni wọ́n ń pè ní API. Àlàyé tí a so mọ́ ìdí ìbéèrè, bí irú ẹ̀jẹ̀ àti iye àpò tí a fẹ́, òun ni paramítà. Bí àlàyé bá wọ́, èsì á wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àbúrò rẹ̀ ló jókòó sí. Télọ̀ ni àbúrò yìí. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó ti rù, ojú rẹ̀ ti funfun. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, òun kò sì ní í fọwọ́ kàn án láìsí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Nítorí iṣẹ́ abẹ náà, láti ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni àbúrò kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Nọ́ọ̀sì wọlé, kò jókòó.

"Ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ní kò sí O+ níbì kankan. Dókítà ti mú ẹlòmíràn wọlé."

"Kò burú," ni àbúrò wí. "Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n jẹun báyìí? Ebi yìí ti ń bá àìsàn dupò."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ̀rọ náà kọ."

Òdo ló kọ. Ó wo àdírẹ́sì ìbéèrè náà lókè. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Níbi tó yẹ kí irú ẹ̀jẹ̀ wà, wọ́n kọ O+ ní ìhòòhò. Nínú irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, àlàfo ni kọ̀ǹpútà ń ka àmì àròpọ̀ sí. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yí i padà sí %2B kó tó rán an. Wọn ò yí i. O àti àlàfo ló dé ilé ìpamọ́, wọn kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ O àti àlàfo.

Ó fi fóònù pe ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀.

"O+ kẹ̀?" ni ọkùnrin tó gbé e wí. "Fíríìjì kún. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ti ń ṣe kàyéfì pé ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ mọ́."

Ìbínú ló gbé e dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ó-Ti-Tán nígbà tí kò bá sí nítòsí, ń mu tíì. Òun ló tún apá ibẹ̀ nínú ètò náà kọ nígbà tí obìnrin náà gbàyè lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀.

"Ọ̀gá, irú ẹ̀jẹ̀ wo lẹ fi dán an wò?"

"A-. Ó sì ṣiṣẹ́."

"Àmì àyọkúrò kì í sọnù lọ́nà. Àròpọ̀ ló ń sọnù. Ẹ ò dán ọ̀kan wò tó ní àròpọ̀?"

"Tún un ṣe, ó ti tán. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, Ìyá Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi."

"Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúàbí, ọ̀gá. Àbọ̀ tí ẹ bá sọ fún un, àbọ̀ náà ló máa bá lọ."

Ó fi ìdajì ìdí jókòó, ó tún àmì náà ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jó o nínú ju àmì lọ. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí ètò náà máa fi ọ̀rọ̀ pupa kìlọ̀ bí ìbéèrè kan kò bá yé e. Ó-Ti-Tán ní ọ̀rọ̀ pupa lójú ẹ̀rọ a máa dẹ́rù ba oníbàárà.

"Ohun tí kò gbọ́, ó yẹ kó sọ pé kò yé mi," ni obìnrin náà wí. "Kò sí ló ń sọ. Kò sí ló mú dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́. Kò yé mi ì bá mú nọ́ọ̀sì gbé fóònù."

Ó-Ti-Tán gbé ife sílẹ̀. "Kọ̀wé sí ilé ìwòsàn pé nọ́ọ̀sì wọn ló tẹ̀ ẹ́ ṣì. Fi ọ̀rọ̀ tútù sí i."

Ó kọ̀wé lóòótọ́. Ó ní ètò àwọn ló purọ́, pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àmì àròpọ̀ ni wọ́n ti ń dá padà lásán, kí wọ́n wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ilé ìwòsàn ti fèsì: ẹ fi kò yé mi sínú ètò yìí, àbí ká gbé iṣẹ́ wa lọ síbòmíràn. Ó-Ti-Tán fúnra rẹ̀ ló fi í sí i. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ìwé ìpè.

"Wọ́n á lé yín lẹ́nu iṣẹ́, Àǹtí," ni àbúrò wí lórí ibùsùn.

"Kí wọ́n lé mi."

"Ẹ wá máa bá mi rán bọ́tìnnì nígbà náà."

"Oníhò méjì àbí oníhò mẹ́rin?"

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ògiri kó lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó béèrè kò rẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí i.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìjókòó ìbáwí sí. Ó fèsì pé òun kò ní í wá, àwọn náà sì sún un sí ọjọ́ Ẹtì. Ilé ìpamọ́ ti ya àpò ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ fún àbúrò rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ.