Koríko Tó Ń Mu Kànga Gbẹ

Bí ohun kan bá wà láyé tí Ìyá Alágbàfọ̀ kórìíra ju ìdọ̀tí ọrùn aṣọ lọ, koríko iwájú ilé wọn ni. Ọkọ rẹ̀, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbìn ín. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sára pákó pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ koríko ọ̀gá. Ó búra pé òun náà á ní tòun. Ó ní i lóòótọ́, ó sì gbé pákó tirẹ̀ síbẹ̀. Ìyàwó tó ru aṣọ oníbàárà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kó gbà.

Ṣìọ̀! Koríko tí a kì í sè, tí a kì í jẹ, òun ló ń mu omi bí ọ̀mùtí. Lẹ́ẹ̀rùn, bàbá á fi ẹ̀rọ fa omi kànga, á na rọ́bà omi sí i láàárọ̀, á tún nà án nírọ̀lẹ́. Ẹrẹ̀ tó bá kù ní ìsàlẹ̀ kànga ni ìyàwó á fi fọṣọ.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kó aṣọ funfun wá fún un gbóòórùn ẹ̀wù kan, ó yímú.

"Ìyá, omi ẹrẹ̀ lẹ fi fọ èyí? Ẹ má bínú o, tó bá tún rí báyìí, mo ń kó aṣọ mi lọ síbòmíràn."

Ojú ti obìnrin náà. Aṣọ nọ́ọ̀sì yìí ló ń gbé ilé wọn ró. Ó mú ọkọ́, ọjọ́ mẹ́ta ló fi hú koríko náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó gbin orọ́, ọjá ikòokò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àwọn tí kì í bẹ̀bẹ̀ omi. Bàbá pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ.

"Ẹ lọ mumi," ìyàwó ní, "tó bá kù nínú kànga."

Oṣù kan kò tíì pé tí òórùn burúkú fi gba iwájú ilé. Ìyàwó fọwọ́ kan orọ́, ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ikun. Gbogbo ìdí rẹ̀ ti jẹrà, ilẹ̀ sì tutù rinrin.

"Bàbá wọn! Ẹ ń bomi rin ín?"

"Àánú wọn ló ṣe mí. Ó jọ pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n."

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Obìnrin náà sọ garawa sí kànga, ẹrẹ̀ ló fà jáde. Bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Ó tutọ́ sílẹ̀. Ó gbé garawa òfìfo sí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ omi tó wà ní ìparí òpópónà.

"Mẹ́wàá ni mo fẹ́."

Bàbá wo ojú rẹ̀, ó gbé garawa. Nígbà tó ru ìkẹrin dé, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó di ọrùn mú, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Ṣé bí omi ṣe wúwo nìyí?"

Ìyàwó ti so rọ́bà omi mọ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì, ó ń sá ẹ̀wù funfun sórí rẹ̀.