Bọ́ọ̀lù Tí Kò Gbọdọ̀ Wọ Igbó

N kò tíì rí pápá tẹníìsì tó ń dẹ́rù bani bíi ti ilé-ìwé wa ní Òdìgbò. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ń ṣí ilé-ìwé káàkiri. Olùkọ́ kékeré ni mí, n kò ní ìwé ẹ̀rí kan tó jọjú. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ló ní kí a ṣán ilẹ̀ kan, tó fi ẹfun fa ìlà sí i, tó sì ta àwọ̀n sí àárín. Ṣùgbọ́n kò sí ọgbà kankan lẹ́yìn ìlà, ìbáà ṣe lápá ìhín tàbí lápá ọ̀hún. Bí ìlà bá ti tán, igbó ló kàn, igbó dúdú tí àwọn agégẹdú kò tíì dé. Èkó ni bọ́ọ̀lù sì ti ń wá, nítorí náà òfin ọ̀gá ni pé ẹni tó bá gbá a wọ igbó ni yóò lọ mú un.

Ẹ̀rù igbó yẹn ń bà mí, n kò ní purọ́. Inú oko kòkó wa lọ́nà Àgọ́ Aláyé ni ejò ti ṣán bàbá mi, wọn kò sì délé kí wọ́n tó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi kò ti pe ejò lórúkọ mọ́, àní lọ́sàn-án gangan. “Okùn ilẹ̀” ni wọ́n ń pè é. Aládùúrà paraku ni wọ́n, wòlíì wọn sì ti ríran sí mi pé n kò gbọdọ̀ lé ohunkóhun wọ igbó. Ẹ wá wo ẹni tó ń gbá tẹníìsì!

Mo bá kúkú ń rọra gbá a. Gbogbo bọ́ọ̀lù mi ń balẹ̀ sí ìdí àwọ̀n, ẹni tí mo ń bá gbá á sì rìn wá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á fọ́ ọ mọ́ mi.

Ọ̀gá a máa pariwo pé, “Ṣé adìẹ lò ń da àgbàdo fún ni? Gbé e ga, na ọwọ́ rẹ tán. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni kó ti balẹ̀, nítòsí ìlà.”

Ó ta okùn kan sókè àwọ̀n pé òkè rẹ̀ ni kí n máa gbá a gbà. Mo gbìyànjú. Bí ọ̀kan bá lọ dáadáa, tí mo bá tún ti fojú kan igbó, ọwọ́ mi á rọ.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan ní Oǹdó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó fẹ́ràn tẹníìsì bí ojú, ó sì ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá tí yóò mú wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Olùkọ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́; bí kò bá mú mi, oko kòkó bàbá mi ló kù, oko yẹn náà. Oorun ò kun ojú mi lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, ìyá mi ti ilé àdúrà yà wá wò wá, nínú aṣọ funfun wọn, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá bi ọ̀gá pé, “Kí ló dé tí kò lè gbá a jìnnà?”

“Màmá, igbó ló ń bà á lẹ́rù.”

Wọ́n yí pápá ká, wọ́n lọ dúró lẹ́yìn ìlà lọ́hùn-ún, wọ́n kẹ̀yìn sí igbó. “Ọma mi, gbá a. Èmi ni n ó máa mú un.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀!”

Wọn kò mira. Inú bí mi, mo fi ìbínú gbá bọ́ọ̀lù, ó fò kọjá orí wọn wọ igbó. Ìyá mi ká etí aṣọ wọn sókè, wọ́n sì wọlé tọ̀ ọ́. Mo ń gbọ́ ìró ewé, nígbà tó yá n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àfi bí wọ́n ṣe yọ, tí ẹ̀gún ti ya wọ́n lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí mi.

“Tún un gbá.”

Kí ni n bá ṣe? Bí mo bá rọra gbá a, oko ni mò ń lọ. Bí mo bá gbá a kọjá ìlà, wọn á tún wọ igbó. Mo wo ibi tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ balẹ̀, mo na ọwọ́ tán, ó gba òkè okùn, ó sì balẹ̀ kí ó tó kan ìlà. Òmíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Òmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má pè é ní ìgboyà o, ẹ̀rù ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi tún wá dúró lẹ́yìn ìlà lọ́hùn-ún. Bí èmi àti ẹni tí mo ń bá gbá a bá ti pààrọ̀ apá, àwọn náà á pààrọ̀. Àlejò láti Oǹdó béèrè ta ni ìyá aláṣọ funfun yẹn, ọ̀gá ní ìyá mi ni. Bọ́ọ̀lù mi kankan kò wọ igbó títí a fi parí. Àlejò bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n lọ palẹ̀ ẹrù mi mọ́, Oǹdó yá. Mo sáré lọ bá ìyá mi.

“Ṣé ẹ ò ní gbá a mọ́?”

“Ó ti tán, Màmá.”

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé wọn dìde ni mo rí i pé aṣọ funfun náà gbẹ níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀, tó kọjú sí igbó, ti rin gbingbin fún òógùn.