Ọ̀rọ̀ Nọ́wè Tí Mo Ṣì Gbọ́

"Stọ́ọ̀-pọ̀!" ni Bàbá aládùúgbò wa kígbe, mo bá dúró sójú kan.

Mo wà láàrin àga oníke méjì níwájú ilé rẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ọwọ́ mi ti kúrò lára àga ẹ̀yìn, kò sì tíì kan ti iwájú. Ẹsẹ̀ òsì mi ń gbọ̀n. Oòrùn ń pa tápólì búlúù tí Bàbá tẹ́ sílẹ̀, òórùn rọ́bà rẹ̀ sì gba gbogbo àgbàlá kan.

"Stọ́ọ̀-pọ̀!" Ó tún kígbe, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pè mí.

"Bàbá, mo ti dúró o!" Èmi náà pariwo. "Ẹ ní kí n stop, mo ti stop."

Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí tápólì, tó ń nu ojú. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jókòó sórí àga, mo ní n kò ṣe mọ́.

Ọ̀kadà ló gbé èmi àti màmá mi ṣubú lọ́nà Ìjẹ̀gùn lọ́dún náà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Omi òjò ti kún inú kòtò, ọlọ́kadà kò sì mọ bó ṣe jìn tó. Màmá mi kàn bó lápá, ẹsẹ̀ tèmi kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni pí-ó-pì, sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun, fi wà lẹ́sẹ̀ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé e kúrò, ẹsẹ̀ tí mo rí tín-ín-rín, ó sì gbẹ, àfi bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Nọ́ọ̀sì ní egungun ti jinná, kí n máa tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀. Èmi ò gbà á gbọ́. Bí mo bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, etí mi á tún gbọ́ bó ṣe dún nígbà tó kán.

Tíṣà ni màmá mi, àwa méjì péré la sì jọ ń gbé. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á pọ̀n mí, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá, sọdá sọ́dọ̀ Bàbá aládùúgbò wa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó o."

"Ẹ máa lọ jàre, tíṣà. Èmi àti ìyá mi la jọ máa ṣiṣẹ́." Èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni rírán tápólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ àti iwájú ṣọ́ọ̀bù. Á fa òwú gba ara àbẹ́là kó lè yọ̀, á fi awọ di àtẹ́lẹwọ́, á sì ti abẹ́rẹ́ ńlá wọlé. Ìró kan náà ni látàárọ̀ dọ̀sán: pó, lẹ́yìn náà fííì, tí òwú bá ń gba ihò kọjá. Kọfí dúdú tí kò ní ṣúgà ló máa ń mu, nínú kọ́ọ̀pù irin tó ti bó lẹ́nu. Inú ọkọ̀ òkun àwọn ará Nọ́wè ló ti kọ́ iṣẹ́ náà àti kọfí mímu. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ títí orí rẹ̀ fi funfun.

Lọ́jọ́ tí mo bínú yẹn, ó wá jókòó tì mí.

"Ìyá mi, má bínú. Ara mi ni mò ń rín. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni mo sọ, èdè Nọ́wè ni." Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí tápólì, ó kọ ọ́ síbẹ̀: stå på. Òdo kékeré kan wà lórí a kọ̀ọ̀kan bíi fìlà. "Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá wọn ṣiṣẹ́, àwa mẹ́rin là ń fa okùn kan tó ki bí apá mi yìí. Ọ̀gá wa ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà gbọ́ ọ sí stop. Mo jọ̀wọ́ okùn."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Okùn gbé ọmọkùnrin tó wà níwájú mi. Apá rẹ̀ yẹ̀." Ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Mo ti di ẹrù mi, mo mọ̀ pé wọ́n máa lé mi. Àfi bí ọmọ náà ṣe fi aṣọ gbé apá kọ́rùn, tó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Tí a bá tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, 'dúró lé e' ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi dá èèyàn dúró. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ẹni tó ń sáré, òun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Tẹra mọ́ ọn. Má jáwọ́."

N kò rìn lọ́jọ́ náà, kò sì fipá mú mi. Ní ọjọ́ kejì mo gbé ìṣísẹ̀ méjì. Ọjọ́ kẹta, mo ṣubú sórí tápólì, egungun mi ò sì dún. Bóyá ìṣubú yẹn gan-an ló wò mí sàn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, èmi fúnra mi ló ń pariwo "Stọ́ọ̀-pọ̀!" bí mo ṣe ń lọ sí ẹnu géètì, tí Bàbá ń pa àtẹ́wọ́ pẹ̀lú awọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo lọ pàdé màmá mi lórí pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà. Àpò ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kò bojú wò ó. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀ fún Bàbá tó ń tẹ̀lé mi bọ̀.

"Ẹ dìde, tíṣà. Èmi kọ́. Òun ló rìn."

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé màmá mi lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìpájà, a sì kó lọ. A ní a óò máa wá kí i. Iṣẹ́ ò jẹ́, òjò ò jẹ́, ọ̀nà ò dáa. Nígbà tí a fi máa padà dé Ìṣẹ̀rí, ọdún méjì ti kọjá, obìnrin kan sì ń sá aṣọ ọmọ níbi tí tápólì máa ń wà. Ó ní àwọn ọmọ Bàbá ti wá mú un lọ sí ìlú wọn létí omi ní Oǹdó. Òun ò mọ orúkọ ìlú náà. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì rìn padà sí ibùdókọ̀.

Mo ti fi fóònù gbọ́ bí àwọn ará Nọ́wè ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ó yára lẹ́nu wọn. Ti Bàbá lọ́ra, ó wúwo, ohùn tirẹ̀ ni mo sì máa ń gbọ́ bí ohun kan bá fẹ́ borí mi. Èyí tó ń dùn mí ni pé ó dá gbé inú ilé yẹn ní gbogbo àsìkò tó fi kọ́ mi ní rírìn, ojú rẹ̀ ń ṣú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí abẹ́rẹ́, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọdé ni mí. Mo rò pé àwọn àgbà kì í nílò rẹ̀.