Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Mi Kò Túmọ̀ Fún Mi

Má bínú o, ìyàwó mi, orí bàbá àgbà rẹ ti ń jò bí agbọ̀n. Bí mo bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni kí o kọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́, dúró dè mí. Ẹni tó bá máa gbọ́ ọ, kí òun náà fọwọ́ wọ́nú. Láàárọ̀ yìí, mo wá fìlà káàkiri ilé, àṣé orí mi ló wà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò gbàgbé rẹ̀. Ì bá wù mí kí n gbàgbé rẹ̀.

Lọ́la ni wọ́n pè wá sí ilé ìwé yín. O ní gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà ní tẹmináàlì, kíláàsì tó kẹ́yìn, kí ẹ mú òbí wá, pé àwọn olùkọ́ fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ tó lọ ṣe báàkì, ìdánwò àṣejáde yín. Bàbá rẹ wà ní Nàìjíríà, ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ni màá bá ọ lọ. Mi ò gbọ́ Faransé, ìwọ ni wàá máa túmọ̀ fún mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o mú ìwé àti bíìkì wá.

Irú ìpàdé yẹn, mo ti lọ rí. Bàbá rẹ ni mo bá lọ. Kò tíì mọ ìyá rẹ nígbà yẹn, irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni. Mo wọ agbádá tí mo fi ń kírun Jímọ̀, òun wọ kakí ilé ìwé rẹ̀, ìyá àgbà rẹ ti lọ̀ ọ́ títí ó fi le gbagidi. Ọlọ́kadà zẹ́míjàn kan ló gbé àwa méjèèjì láti oko wa lọ́nà Bétérou. Eruku bo agbádá mi kí a tó dé. Ó ń gbọ̀n ọ́n dànù fún mi lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Ẹ dúró jẹ́ẹ́, Bàbá."

Inú kíláàsì ni wọ́n kó wa sí. Mi ò jókòó sórí àga ilé ìwé rí láyé mi, èyí tó so mọ́ tábìlì yẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń lọ, ọkọ́ ni bàbá mi gbé lé mi lọ́wọ́. Orúnkún mi kò wọ abẹ́ tábìlì, mo wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọmọ mi ní, "Bàbá, ibí ni mò ń jókòó." Mo fọwọ́ pa igi tábìlì náà. Ó ti dán bí èèkù ọkọ́ mi.

Bàrìbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ tirẹ̀ ti sá lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí àwọn èèyàn bá pàtẹ́wọ́, òun náà á pa tirẹ̀, á wá yíjú sí mi pé, "Ó dáa, àbí?" Èmi á ní, "Ó dáa." Àwa méjèèjì kò gbọ́ nǹkan kan.

Dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ìwé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀: bí wọ́n bá dé Parakou fún ìdánwò, kí wọ́n má tẹ̀lé ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Obìnrin kan dìde, òun náà olùkọ́ ni. Ó ní kí wọ́n má kàwé mọ́jú, kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó wọlé ìdánwò, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé bíìkì kan ṣoṣo. Ó wá yíjú sí àwọn ọmọbìnrin, ó sọ tiwọn, àwọn ọmọkùnrin hó yèè. Ọmọ mi kò túmọ̀ ìyẹn. Mi ò bi í. Mo rí i pé ojú ń tì í.

Ìgbà yẹn ni olùkọ́ ìṣirò wá dìde. Ọ̀dọ́ ni, ará gúúsù, kò gbọ́ èdè wa rárá. Kì í ṣe àwọn ọmọ ló kọjú sí, àwa òbí ni. Ó wá sídìí tábìlì wa, ó gbé ọwọ́ ọmọ mi sókè, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ han gbogbo èèyàn. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wò mí. Ohùn rẹ̀ kò le.

Mo rò pé ó ń yìn wá ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ tó bá yi ni ọwọ́ ọmọ gidi.

Mo bi ọmọ mi, "Kí ló wí?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó ní kí n máa gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu, Bàbá."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó yẹn?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n má gbàgbé ilé."

Inú mi dùn. Mo dìde, agbádá mi há mọ́ àga, mo já a gbà, mo bọ olùkọ́ náà lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ni mo fi dá a lóhùn: "Mèsí, mèsí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àtẹ́wọ́ Bàrìbá yẹn ló ròkè jù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni òjò dé. Ó ti pẹ́ lọ́dún yẹn, nígbà tó sì rọ̀, koríko ló kọ́kọ́ jí. Ìwọ náà mọ bí koríko ṣe ń gun ebè. Bí a kò bá tètè ro ó, á fún iṣu lọ́rùn. Ẹ̀yìn sì ti ń dùn mí. A lọ, èmi àti bàbá rẹ, láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ìwé rẹ̀ máa ń wà nínú àpò lábẹ́ igi kajú. Lọ́sàn-án, bí mo bá na ẹ̀yìn, á lọ ṣí i, oorun á sì gbé e lọ lórí rẹ̀. Bí mo bá jí, màá pè é.

Nígbà mìíràn tó bá ń lọ́ra, màá fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀mọ̀wé, kí ni olùkọ́ yín wí?"

Á ní, "Kí n gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ebè ló kù yẹn."

Á tẹ̀ ba, á máa ro ó.

Kí ló dé tí ọwọ́ rẹ dúró? Kọ ọ́. Bó ṣe rí nìyẹn.

Kò yege. Mo ní kó tún un ṣe. Ó ní, "Ó tó, Bàbá." Ó gba ọ̀nà Kika kọjá sí Nàìjíríà. Ìgbà tó wálé wá gbéyàwó, ó tún padà. Oko olóko ló ń ro níbẹ̀ títí di òní. Kò ráhùn sí mi rí. Èmi pàápàá máa ń sọ fún àlejò pé ọmọ mi kò gba báàkì o, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ ilé, olùkọ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀. Ìwọ ti ń sáré káàkiri nígbà yẹn. Mò ń ta iṣu létí títì ní Tchaourou, níbi tí ọkọ̀ Cotonou ti máa ń dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó sanra, ó ti hu ewú. Obìnrin tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ Faransé dáadáa, ó ń fi Faransé kígbe pè é wá rajà, "Tọ́ntọ̀n! Tọ́ntọ̀n!" Ọkùnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ iṣu obìnrin náà kọjá, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú.

Obìnrin náà ní, "Háà, Bàbá! Ẹ ti fún oníbàárà mi lóògùn jẹ!"

Dídì tó di ọwọ́ mi mú yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ó sọ̀rọ̀. Mo ní kí obìnrin náà bá mi gbọ́ ọ.

"Ó ní ọmọ yín dà? Ó ní nínú gbogbo òbí tí òun bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ dìde tí ẹ ṣèlérí."

"Ìlérí wo?"

Obìnrin náà bi í, ó sì dá mi lóhùn. "Pé ẹ máa gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà títí ìdánwò á fi parí. Ó ní òun fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn yín, bí ìléròrò ṣe bò ó, tí bíìkì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Ó ní ẹ sì dúpẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ ti gbàgbé ni, Bàbá?"

Mo ní mo ti gbàgbé.

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Sọ fún un pé ó wà ní Nàìjíríà. Ó ń ṣiṣẹ́."

Inú olùkọ́ náà dùn gan-an. Mo ṣa iṣu tó dáa jù fún un, mo bá a gbé e sínú ọkọ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ wálé Iléyá, mo bi í. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. A jókòó síta, ẹran wà níwájú wa. Ó wá ní, "Níwájú gbogbo wọn, Bàbá? Kí n lanu kí n ní àjèjì kan ń bá yín wí?" Ó fi ẹran sẹ́nu. "Koríko sì ti fẹ́ bo iṣu."

Èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo fi ń yangàn yẹn ló pa á lẹ́nu mọ́. Ká ní ó sọ ọ́, ṣé màá gbà? Mi ò mọ̀. Iṣu la fi ń jẹun. Ó lè jẹ́ pé màá ṣì mú un lọ sóko. Ṣùgbọ́n wọn ò bi mí. Mi ò lè mọ̀ láéláé irú bàbá tí ǹ bá jẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, lọ́la, bí wọ́n bá ń wò mí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, sọ ọ́ fún mi bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ní mò ń pa ọ́ lára, sọ pé wọ́n ní mò ń pa ọ́ lára. Kì í ṣe àrífín. Èmi ni mo ní kí o sọ ọ́. Koríko ti bẹ̀rẹ̀ lóko, mo ti rí i. Jẹ́ kó máa hù.

Ó tó. Wá kà á sókè fún mi kí n gbọ́. Kà á bí mo ṣe sọ ọ́, àti ibi tí ọwọ́ rẹ ti dúró yẹn. Má fò ó.